Òkè Mora: Ogun Tí Bàbá Wa Kò Sá

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, gbólóhùn kan péré ni mo fi kan ọ̀rọ̀ náà, pé àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó lọ jà ní Kamẹrúùnù nígbà Ogun Jámánì, ogun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní Ogun Àgbáyé Kìíní. Àṣé ọ̀rọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́tà ń dé títí di òní. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni yóò gba àyè jù, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó lè mú bírò.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Jámánì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ títí wọ́n fi kú ni pé àwọn lọ dó ti òkè kan ní ọ̀nà Borno, pé òkè náà kò gbà, àti pé òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn lórí rẹ̀. Òkè Mora ni wọ́n máa ń pè é. Nígbà tí a ń sìnkú bàbá mi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó kàwé dìde láàárín ẹbí, wọ́n ní irọ́ ni, pé kò sí ìwé kankan tó dárúkọ irú òkè bẹ́ẹ̀, àti pé bó bá tilẹ̀ wà, ńṣe ni bàbá àgbà àti ẹgbẹ́ wọn sá kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára púpọ̀. Ǹjẹ́ òkè yìí wà? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sá? Èmi ni, ìyá kan láti Ìkìrun.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ìsìnkú bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra wọn.

Òkè náà wà. Mora lorúkọ rẹ̀, bí bàbá àgbà ṣe pè é gẹ́lẹ́. Ó wà lára òwọ́ òkè Mandara, ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Kamẹrúùnù, níbi tí ilẹ̀ náà ti fẹ̀gbẹ́ kan Borno. Orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó darí ogun apá ibẹ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1916.

Kí n tó sọ bí ogun náà ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 1979, agùnbánirọ̀ ni mí ní Gwoza, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ẹsẹ̀ òwọ́ òkè Mandara kan náà. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Apá ìlà-oòrùn wa ni òkè wà, nítorí náà oòrùn ní láti gòkè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ó ti to ìlà ní pápá, òjìji òkè á ṣì bò wá mọ́lẹ̀. Òkúta lórí òkúta ni, òmíràn tó erin, òmíràn tó ilé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé lókè fi òkúta wẹ́wẹ́ to ìpele-ìpele oko sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí òjò má baà wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ọkà bàbà àti jéró sí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní kí n wá kí àwọn òbí òun lókè. Ọmọ ọdún 13 ni, bí ewúrẹ́ ló ṣe ń fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí èkejì. Kí èmi tó dé ìdajì, ọwọ́ àti orúnkún ni mo fi ń gùn. Ẹ rò ó wò, ìyá. Kò sí ẹni tó ń yìnbọn sí mi. Kò sí ẹrù lórí mi. Oòrùn nìkan ló ń bá mi jà. Mo ti ka ìtàn Mora kí n tó dé Borno, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ohun tí mo kà tó yé mi.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Jámánì ló ni Kamẹrúùnù. Gẹ̀ẹ́sì ló ni Nàìjíríà, tí Lugard ṣẹ̀ṣẹ̀ so àríwá àti gúúsù rẹ̀ pọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún náà. Faransé sì wà ní Chad. Ìlú Mora wà láàárín àwọn méjèèjì yìí, bí eku tí ológbò méjì ká mọ́ kọ̀rọ̀ ilé. Kápúténì Ernst von Raben ni ọ̀gá àwọn ṣọ́jà Jámánì tó wà níbẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, kò sì dúró dè é ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun orí òkè, wọ́n sì fi òkúta mọ odi síbi gbogbo tí ènìyàn lè gbà gòkè. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wà láàárín wọn kò pọ̀ rárá.

Láti Maiduguri ni àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà ti kọ́kọ́ wá, Kápúténì Fox ló kó wọn. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù náà ni wọ́n sún mọ́ òkè, ìbọn sì lé wọn padà. Faransé náà wá láti Fort-Lamy, ìlú tí à ń pè ní N'Djamena lónìí. Wọn kò rí i gbà. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n tún gbìyànjú lábẹ́ ọ̀gágun Faransé kan tó ń jẹ́ Brisset, ó tún forí ṣánpọ́n. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn gbà pé àfi kí àwọn dó tì í. Ọdún 1914 parí, òkè kò gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, odi Jámánì mìíràn wà lórí òkè ní Garua, ní gúúsù Mora. Ojú Gẹ̀ẹ́sì rí màbo níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1914, tí ọ̀gá wọn tó ń jẹ́ Maclear kú sójú ìjà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1915 ni Garua tó túúbá. Frederick Cunliffe ni ọ̀gágun tó gbà á, òun náà ló sì kọjú sí Mora ní oṣù Kẹjọ, bí ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí ìdótì náà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Cunliffe bá níbẹ̀ rèé: òkè tó ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,700 sókè pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó dúró ṣánṣán bí ògiri, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká á rin nǹkan bíi máìlì 30. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915, ẹgbẹ́ ṣọ́jà Nàìjíríà kan gùn ún. Wọ́n dé orí. Mo tún un sọ nítorí ẹ̀gbọ́n yín: wọ́n dé orí òkè náà, wọ́n sì kọ lu odi tó wà níbẹ̀. Ìbọn gba ẹ̀mí Kápúténì Pike tó ṣáájú wọn. Àwọn tó kù sùn mọ́lẹ̀ sẹ́bàá odi ọ̀tá, iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Nǹkan bíi wákàtí 48 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kò sí omi, kò sí oúnjẹ, kí Cunliffe tó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Òùngbẹ tí bàbá àgbà ń sọ títí wọ́n fi kú, ibẹ̀ ló ti bá àkọsílẹ̀ mu, ìyá. Ènìyàn lè gbàgbé orúkọ ọ̀gá, ó lè gbàgbé ọdún. Kì í gbàgbé òùngbẹ. Mo mọ bí òkúta yẹn ṣe máa ń gbóná tí oòrùn bá ti tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí díẹ̀; mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́jọ́ náà, mo sáré gbé e kúrò. Àwọn wọ̀nyí dà àyà bolẹ̀ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ṣé ẹni tó fẹ́ sá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àṣẹ ni wọ́n gbà tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Cunliffe fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ẹsẹ̀ òkè, ó kó ìyókù lọ sí gúúsù. Òkè tún ni wọ́n lọ bá ní Banyo. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1915, àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà gun òkè Banyo nínú kùrukùru, láti ẹ̀yìn ògiri òkúta kan dé ẹ̀yìn òmíràn, títí wọ́n fi gbà á. Schipper, ọ̀gá Jámánì ibẹ̀, kú sójú ìjà náà. Bí àwọn ọmọ ogun náà bá jẹ́ ojo, ta ló wá gba Banyo?

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín dáadáa. N kò fẹ́ bá wọn jà. Ìwé tí àwa náà kà nílé ẹ̀kọ́ kò ya ju ìpínrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ogun Kamẹrúùnù, Verdun àti Somme, ojú ogun ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ohun kan nínú ìwé tó kà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bi àgbà tó wà nílé léèrè, kó tó pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Olùkọ́ wa ní àwọn Jámánì wà lórí òkè kan ní Kamẹrúùnù fún oṣù 18 tí ẹnikẹ́ni kò lè lé wọn kúrò. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní àgbá, kí ló dé tí wọn kò fi fọ́ òkè náà? Kí sì ni àwọn tó wà lókè ń jẹ? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun. Òkè Mora tí mo ń sọ fún ìyá lókè yìí ni olùkọ́ rẹ ń sọ, oṣù náà sì pé 18 lóòótọ́, àfi bí ọ̀sẹ̀ kan.

Àgbá tí àwọn ṣọ́jà ilẹ̀ wa ń lò nígbà yẹn kéré. Ẹnu rẹ̀ kò tó íńsì mẹ́ta, 2.95 ni. Wọ́n ṣe é ní irú èyí tí a lè tú palẹ̀, tí a ó sì tún tò ní ojú ìjà. Ní ibòmíràn, ìbaaka ló ń ru irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, orí ènìyàn ni: àwọn kan ru ẹnu àgbá, àwọn kan ru ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn kan ru ọta, wọ́n ń gba inú igbó àti àfonífojì kọjá. Ọta irú àgbá bẹ́ẹ̀ lè wó ògiri amọ̀. Kí ni yóò ṣe fún òkúta tó tó ilé? Ẹni tó bá ti dé abẹ́ Olúmọ rí á mọ ohun tí mò ń wí; bí o bá fara pamọ́ sábẹ́ irú àpáta bẹ́ẹ̀, ariwo àgbá nìkan ni yóò kàn ọ́.

Garua tó bọ́ ní oṣù Kẹfà yẹn, àgbá ńlá ló mú un bọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé àgbá ọkọ̀ ogun ojú omi gba odò Ọya àti Bẹ́núè lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ọkàn àwọn tó wà nínú odi domi. Kò sí odò kankan tó gbé ọkọ̀ lọ sí Mora. Ohun tí ènìyàn lè rù nìkan ló lè dé ibẹ̀, ìyẹn ló gba Mora sílẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Mo mẹ́nu kan àwọn alárùú, n kò sì fẹ́ kí a kọjá lára wọn bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ogun Kamẹrúùnù, bí ṣọ́jà kan bá ń lọ, àwọn tó ń ru oúnjẹ rẹ̀, ọta rẹ̀ àti àgọ́ ọ̀gá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ìfẹ́ inú wọn lọ. Ọba àti baálẹ̀ ni wọ́n ní kó mú iye kan wá, wọ́n sì mú wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi rìn ín. Àrùn inú àti ibà pa wọ́n ju ìbọn lọ. Bí o bá ka ìròyìn àwọn ọ̀gágun, wàá rí orúkọ Pike, wàá rí Maclear, wàá rí Fox. Orúkọ alárùú kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Inú mi kò tíì yọ́ sí èyí láti ọjọ́ tí mo ti ń kà á.

Ní ti oúnjẹ, máìlì 30 tí mo sọ yẹn ni ìdáhùn rẹ. Àwọn tó dó ti òkè kò pọ̀ tó láti dí i yíká. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn tó wà lókè á yọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, wọ́n á wọ abúlé, wọ́n á kó ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ilẹ̀ kò ní mọ́ bá wọn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé oúnjẹ ta ni. Ọkà bàbà àgbẹ̀ kan ni, tó fi òkúta to oko rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tó dúró de òjò, tó kórè, tó kó o sí abà. Òun kọ́ ló pe Jámánì wá. Òun kọ́ ló pe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń dótì ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tí wọ́n dó tì ń kó o lóru. Bí olùkọ́ rẹ bá tún kọ́ yín ní ìtàn yìí, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi àgbẹ̀ yìí kún un.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni wọ́n ṣe fún ọ̀gá Jámánì tó wà lórí òkè yẹn nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́? Ṣé wọ́n yìnbọn pa á ni? Òǹkàwé kan, Ọ̀tà.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ọwọ́ kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ló mú un sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1916, Yaoundé bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Gómìnà Jámánì, Ebermaier, àti ọ̀gágun wọn, Zimmermann, kó àwọn ènìyàn wọn sá wọ Rio Muni, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Sípéènì tí kò sí nínú ogun. Ní oṣù Kejì, kò sí ibòmíràn tí àsíá Jámánì ti ń fẹ́ ní gbogbo Kamẹrúùnù mọ́, àfi orí òkè Mora.

Cunliffe kò tún rán ẹnikẹ́ni gùn ún. Ó kọ̀wé sí von Raben, ó là á yé e pé ogun ti parí ní ilẹ̀ náà, ó sì ṣe ìlérí méjì: àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú á gba ìwé àṣẹ, wọ́n á máa lọ sí ilé wọn láìsí ewu, àwọn òyìnbó á lọ sí ìgbèkùn ní Ìlú Ọba. Von Raben gbà, ṣùgbọ́n ó tún béèrè ohun kan sí i. Ó ní òun jẹ àwọn ṣọ́jà òun lówó, kí wọ́n yá òun ní £2,000 kí òun fi san án. Cunliffe fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1916, von Raben sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó lé díẹ̀ ní 150. Ìyẹn nìkan ló kù.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀ nípa £2,000 yìí. Àwọn kan nínú àwọn tó kọ ìtàn ogun máa ń lò ó láti fi yin àwọn ọ̀gágun méjèèjì bí ọmọlúàbí. Mo gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú tèmi ń wò yàtọ̀. Àwọn ṣọ́jà dúdú wọ̀nyẹn wà lórí òkúta fún oṣù 18 fún ìjọba tí kò sí mọ́, wọ́n ń yìnbọn sí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba mìíràn kó wá. Ó ṣeé ṣe kí Fúlàní tàbí Hausa kan wà lókè kí ìbátan rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítorí ààlà tí òyìnbó fà kò ya ẹbí. Owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n, ẹ̀tọ́ wọn ni. Kì í ṣe oore.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ṣé inú Nàìjíríà ni Mora wà lónìí àbí ìta? Àwa méjì la ń jiyàn rẹ̀ níbi iṣẹ́. Awakọ̀ kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Inú Kamẹrúùnù ni. Òun ni olú-ìlú àgbègbè Mayo-Sava, kò sì jìnnà sí Banki tó wà ní ẹnubodè wa ní Borno.

Ẹ̀yin méjèèjì kò jẹ̀bi o, nítorí ààlà ibẹ̀ ti rìn. Ní ọdún 1914, Gwoza tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀, Bama, Dikwa àti Mubi, abẹ́ Jámánì ni gbogbo wọn wà. Lẹ́yìn ogun ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Kamẹrúùnù láàárín ara wọn. Mora bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Gwoza àti àwọn yòókù bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n dìbò. Àwọn ará àríwá níbi tí Gẹ̀ẹ́sì mú ní àwọn fẹ́ bá Nàìjíríà lọ, àwọn ará gúúsù rẹ̀ bá Kamẹrúùnù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú mi gòkè lọ́jọ́ sí, abẹ́ Jámánì ni wọ́n bí bàbá àgbà rẹ̀ sí, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n bí òun. Orí òkè kan náà ni gbogbo wọn wà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kó ẹrù.

ÌBÉÈRÈ: A rí ohun kan nínú àpótí bàbá bàbá wa. Fàdákà roboto ni, ó wúwo. Orí ọba òyìnbó wà lójú kan, ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò lórí ẹṣin wà lójú kejì, wọ́n kọ 1914 àti 1918 sí i. Àbúrò bàbá mi ní kí a gbé e fún alágbẹ̀dẹ fàdákà kó yọ́ ọ fi ṣe òrùka. Kí ni ohun yìí? Òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré gba nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn mi.

Àmì-ẹ̀yẹ ogun ni. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún àwọn tó sìn nínú Ogun Jámánì. Ọba George Karùn-ún lẹ rí lójú kan yẹn, St George sì ni ẹni tó gun ẹṣin. Ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe, nítorí náà fàdákà rẹ̀ kọ́ ló níye lórí. Ẹ má wo ojú rẹ̀, etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ dì í mú pẹ̀lú ìka méjì, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ó bá ti dúdú, aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi eérú tàbí ìyẹ̀fun ìfọkòkò gbo ó, á pa lẹ́tà rẹ́. Wọ́n gbẹ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí etí náà yíká: nọ́ńbà ṣọ́jà, ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ ní ìkékúrú. Bí ẹ bá rí NIG tí R tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ṣọ́jà Nàìjíríà ni. Akọ̀wé òyìnbó ló kọ orúkọ náà bó ṣe dún létí rẹ̀, nítorí náà ẹ pè é sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe orúkọ bàbá yín. Mo ti rí ibi tí orúkọ ìlú ti di orúkọ ìdílé, èyí tó pọ̀ gan-an nígbà náà: wọ́n bi ṣọ́jà pé ta ni, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ìlú rẹ̀ tì í, bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò etí àmì-ẹ̀yẹ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ní ìwé ìgbà Ogun Jámánì lẹ fẹ́ wò. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa wá kiri, torí orúkọ lè yí padà láti ìwé kan sí òmíràn, nọ́ńbà kì í yí. Ìyá tó kọ̀wé láti Ìkìrun, ẹ̀yin náà ẹ tú àpótí bàbá àgbà. Ẹ wo abẹ́ aṣọ, ẹ wo inú agolo tábà, ẹ wo ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń kó owó pamọ́. Ẹni tó lọ sí Kamẹrúùnù kí ọdún 1915 tó parí lè ní ìràwọ̀ idẹ kan pẹ̀lú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ sí.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bí ẹ ṣe rí i, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ dín.